Àtẹ̀kún Bùrọ̀dá Rótìmí

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀rọ orin fẹ́ tú ìjọ ká, ẹ má pè é ní àsọdùn. Ìjọ wa ní Rumuokwuta, ìjọ àwa Yorùbá tí iṣẹ́ àti ọjà kó dé Port Harcourt, ti la ìjà ilẹ̀ kọjá, ó ti la ìjà oyè alàgbà kọjá, kò tú. Kíbọ́ọ̀dù kan ló kù díẹ̀ kó tú u. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Adéyínká, mo ń ta aṣọ òkìrìkà ní Oil Mill lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo sì ti ń kọ áátò nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí a ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá Rótìmí ni.

Olúrótìmí Adéyanjú ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ogun parí ló dé Port Harcourt láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní ju àpótí páànù àti ìwé orin lọ. Wọ́n ti kọ́ ọ ní dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ nílé, ìyẹn èyí tí èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí nínú bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó rí iṣẹ́ ní wáàfù. Nígbà tí èbúté Onne ṣí, ó bá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, òun ló ń so okùn wáyà mọ́ ẹrù kí kireenì tó gbé e sókè. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, á wá jókòó nídìí dùùrù ìjọ wa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa sáré bí ìgbà tí wọ́n ń lé ara wọn.

Ó fẹ́ Ibiere, ọmọ Kàlàbárì. Àwọn ìyá kan nínú ìjọ yínmú, wọ́n ní ṣé kò sí ọmọbìnrin mọ́ nílẹ̀ Yorùbá ni. Mo ní kí wọ́n mú ọmọ tiwọn wá ká rí i. Ibiere kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ń bá wa kọrin Yorùbá láìwo ìwé. Tó bá fẹ́ bú èèyàn, á fi Pijin bú u, á sì tún padà sí orin.

Okùn wáyà tó ń so yẹn náà ló ká a lọ́wọ́ òsì mọ́ ara kọntéénà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Dókítà fẹ́ gé ọwọ́ náà. Bàbá Ilésanmí, olórí ìjọ wa, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, ló jókòó tì í ní ọsibítù, tó ń bẹ dókítà pé kó ṣe sùúrù di ọ̀la, tí ọ̀la bá sì dé, á tún bẹ̀ ẹ́. Wọn ò gé e mọ́. Ọwọ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ti gan. Ohun tó lè fi ṣe kò ju kó gbé e lé eyín dùùrù kan tàbí méjì kó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, Rótìmí kì í pe Bàbá Ilésanmí ní Bàbá Ìjọ bí àwa yòókù. “Bàbá mi” ló ń pè é, tí Bàbá bá sì ti sọ̀rọ̀, kì í jiyàn.

Ìgbà tí ìjọ fi kíbọ́ọ̀dù kékeré kan rọ́pò dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni ìyà rẹ̀ tó wá pé. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì kíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ọ̀tún ń kọrin, ọwọ́ òsì ń yí kẹ̀kẹ́ náà, ibẹ̀ ni ohùn ti ń gbọ̀n, tó ń sunkún, tó ń dà bí ohùn èèyàn. Ọwọ́ òsì Rótìmí kò lè yí nǹkan kan. Orin rẹ̀ tọ́, kò ṣì í rárá, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Bùrọ̀dá Rótìmí ti tán. Ó sì ń gbọ́. Inú ń bí mi títí di ìsinsìnyí, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ dò yàtọ̀ sí mí.

Solomon, ẹ̀gbọ́n Ibiere, ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ní ọjọ́ kan tí Rótìmí lọ kí i, Solomon ní kó jókòó kó tẹ tòun wò. Kíbọ́ọ̀dù Solomon kì í ṣe irú tiwa. Lórí tiwa, tí ìka bá ti lè tẹ eyín kan báyìí, ó parí, kò sí ohun tí ìka tún lè sọ fún un títí tí yóò fi kúrò lórí rẹ̀. Ti Solomon ṣì ń gbọ́. Bí ìka bá ti wà nílẹ̀ lórí eyín, tó tún wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ohùn á wú, á máa gbọ̀n, á máa bẹ̀bẹ̀. Ìka tó ń kọrin náà ló ń ṣe é, kò bẹ ọwọ́ òsì ní ohunkóhun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní aftertouch. Àwa akọrin ò ráyè orúkọ yẹn, àtẹ̀kún la sọ ọ́.

Ibiere ló sọ fún mi nídìí ìsọ̀ mi bí ọjọ́ náà ṣe rí. “Ìyá Adéyínká, my husband cry for Solomon house. Big man like that. E say him left hand don come back.”

Ọdún 1991 ni ìjọ pinnu láti ra kíbọ́ọ̀dù ńlá kan tí a ó máa lò títí. Wọ́n rán Bàbá Ilésanmí, Rótìmí àti Clement lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Aba Road. Clement ni kọyamásítà wa, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí háńkáṣíìfù rẹ̀ kì í rún, tó máa ń gbá igi orin mọ́ tábìlì tí èèyàn bá pẹ́ dé. Wọ́n bá kíbọ́ọ̀dù ńlá méjì ní ṣọ́ọ̀bù náà, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n, kálukú sì pe tirẹ̀ ní àgbà. Ọ̀kan ní àtẹ̀kún. Èkejì kò ní. NẸ́PÀ ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sì ń pariwo, wọ́n bá fi nǹkan dé Rótìmí létí kó lè gbọ́ ohun tó ń tẹ̀. Òun nìkan ló gbọ́. Bàbá dúró tì í, ó ń wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀rọ̀ di ti ìpàdé. Clement ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ jẹ́ ká sòótọ́,” ó ní. “Àwọn tó ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì yọ àtẹ̀kún kúrò pátápátá, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ohùn ni wọ́n fi dípò rẹ̀: fèrè, gòjé, oríṣiríṣi. Èèyàn mélòó ló máa lo àtẹ̀kún nínú ìjọ yìí? Ẹnì kan. Àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́, tí wọ́n ń tẹ eyín bí ẹni ń gún iyán? Gbogbo orin wa á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá wó. Ohun tó bá sì pọ̀ nínú ẹ̀rọ ló ń tètè bà á jẹ́, pàápàá nínú ọ̀rinrin Port Harcourt yìí.”

Kò sọ ìsọkúsọ. Èmi tí ìṣesí rẹ̀ máa ń yún lára mọ̀ pé kò sọ ìsọkúsọ. Ohun tó gbé mi nínú ni èyí tó fi kádìí rẹ̀. Ó ní tí a bá ra èyí tí kò ní àtẹ̀kún, kí Sister Ṣọlá máa tẹ̀ ẹ́, kí Bùrọ̀dá Rótìmí wá sinmi, nítorí ó ti ṣiṣẹ́. Ṣọlá ni ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ tó ń sin ìlú lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé, ó sì mọ orin. Ọmọ náà sorí kọ́ bí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Rótìmí dìde. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò, ibẹ̀ ló máa ń fi í sí.

“Ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní àgbà nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣe,” ó ní, “kó má lè gbọ́ ìka lẹ́yìn tí ìka ti dé ilẹ̀? Ó dà bí kí n máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó dìde lọ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára àwọn kéékèèké, mo gbà. Wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára olórí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, bọ́tìnnì wà tó lè fi pa á. Ẹni tó wá nílò rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, kí ni yóò tẹ̀?”

Mo sọ̀rọ̀ tèmi náà, n kò ní tún un sọ níbí, ṣùgbọ́n Clement kò kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìjọ kì í ṣe ilé Rótìmí. Àwọn kan ní tí wọ́n bá yọ Rótìmí, àwọn náà á lọ. Bàbá Ilésanmí ló gbé ọwọ́ sókè níkẹyìn.

“N kò gbọ́ ohun tó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù,” ó ní. “Ojú rẹ̀ ni mo rí. Ẹ ra èyí tí Rótìmí fẹ́.”

Clement gbà, ṣùgbọ́n ó gbà á pẹ̀lú májẹ̀mú. Ẹni tó fẹ́ tà á ti ní a lè dá a padà ká gba èkejì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa. Clement ní kí gbogbo wa fetí sí i lọ́jọ́ ìyàsímímọ́. Tí àtẹ̀kún yìí bá ṣe ìṣekúṣe, kí ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí èyí tí kò ní in wá, kí Ṣọlá sì jókòó sí i. Rótìmí ní òun gbà.

Ní ìjọ wa, ohun tuntun kì í ṣiṣẹ́ kí òróró tó kàn án. Bó ṣe jẹnẹrétọ̀ ni, bó ṣe mọ́tò, bó ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ, Bàbá Ilésanmí á kọ́kọ́ gbàdúrà sí i, á fi òróró àmì sí i, a ó tó máa lò ó. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù náà títí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi mọ́. A ṣe ìdánrawò ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú ògbólógbòó kékeré. Tuntun wà nínú páálí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, Rótìmí sì ń yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tí wọ́n ní kó má tíì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú pé, ìjọ kún. Àwọn àlejò wá láti ìjọ mìíràn, àwọn ọkùnrin dúró létí fèrèsé. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, dúdú, ó gùn, ó ń dán. Rótìmí dúró tì í, Bàbá jáde pẹ̀lú ìgò òróró tó máa ń fúnra rẹ̀ fi lọ́fíńdà pò. Ó ní kí gbogbo wa di ojú. A di ojú. Rótìmí nìkan ni kò di tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ náà, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn.

Bàbá sábà máa ń ti ìka bọ inú òróró, á fi kan nǹkan, ó tán. Lọ́jọ́ yẹn, inú rẹ̀ dùn jù. Bí àdúrà ti wọ̀ ọ́ lára, ó dojú ìgò kọ ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da òróró láti eyín àkọ́kọ́ lọ sí ti ìkẹyìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú tirẹ̀ náà sì wà ní dídì. Rótìmí na ọwọ́, kò lè fi kan ọwọ́ Bàbá. Ó la ẹnu, kò lè pariwo nínú àdúrà. Nígbà tí a ó fi sọ “Àmín” tí a la ojú, ó ti fa háńkáṣíìfù yọ, ó ń nu orí eyín náà kíákíá. Àwa rò pé eruku ló ń nù. Èyí tó wà lókè ló lè nù, èyí tó ti gba àárín eyín kọjá sí ìsàlẹ̀ ti lọ.

Clement gbé igi sókè. Orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún ọjọ́ náà la fẹ́ kọ, a ti kọ́ ọ títí ó fi sú wa. Rótìmí bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kìn-ín-ní lọ dáadáa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, kò tíì lo àtẹ̀kún rárá, ẹsẹ kẹta ló ń fi í pamọ́ dè.

Kò dé ẹsẹ kẹta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, ohùn kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í wú fúnra rẹ̀. Ó wú, ó gbọ̀n, ó rọ̀, ó tún wú, láìjẹ́ pé ìka kankan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn sòpíránò ṣìnà. Èmi dì mọ́ áátò mi pẹ̀lú eyín, mo ṣì gbọ́ ara mi tí mo ń lọ sókè níbi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín létí fèrèsé. Clement kò dá igi dúró, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo Rótìmí ju igi lọ.

Bọ́tìnnì tó ń pa àtẹ̀kún wà níwájú Rótìmí. Mo rí i tó ń wò ó. Tó bá pa á, orin á tọ́, gbogbo ìjọ á sì gbọ́ pé a lè ṣe é láìsí àtẹ̀kún, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Tí kò bá pa á, ìtìjú gbogbo wa nìyẹn lójú àlejò. Òógùn bò ó lójú. Ó gbé ìka lọ, ó fà á sẹ́yìn, ó tún gbé e lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì náà. Ohùn náà rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó tọ́, ó gbẹ, ó sì fi í kọ orin náà parí láìgbé ojú sókè.

Nígbà tí àwọn àlejò ti jẹun tí wọ́n ti lọ, àwọn alàgbà, àwa akọrin àti Ibiere ló kù nínú ilé ìjọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ooru ọ̀sán náà pọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè fáànù.

“Ọ̀rọ̀ ò pọ̀,” Clement ní. “Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Lọ́la òde yìí, ó padà sí Aba Road.”

Mo dìde, mo ní kó jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá Ilésanmí dá mi lọ́wọ́ kọ́. Ó hàn lójú Bàbá pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun ló ti gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí, òun náà ni ìtìjú kọ́kọ́ bá.

“Rótìmí,” ó ní, “sọ fún mi. Ẹ̀rọ náà ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ rẹ ni?”

Mo rí i tí Ibiere ń wo apá ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Òróró ti rin ibẹ̀ gbindin. Ó wo ẹ̀wù, ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó wo Bàbá, ó la ẹnu. Rótìmí mi orí sí i, díẹ̀ báyìí, obìnrin náà sì pa ẹnu dé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà láìmọye ìgbà láti ìgbà náà. Tó bá sọ pé ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ń padà lọ, àtẹ̀kún bá a lọ, ìjókòó rẹ̀ bá a lọ. Tó bá sọ òtítọ́, àfi kó wí níwájú gbogbo alàgbà pé òróró àdúrà Bàbá ló ba ohun tí Bàbá gbàdúrà sí jẹ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi yọ Bàbá nípò láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé ẹ mọ bí wọn ì bá ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn jó?

“Ọwọ́ mi ni, sà,” Rótìmí ní. “Ẹ̀rọ náà dáa. Ọwọ́ mi ló wúwo lé e. Kí ẹ má dá a padà. Ẹ jẹ́ kí Sister Ṣọlá máa tẹ̀ ẹ́, ó máa tó mọ àtẹ̀kún náà lò.”

“Rotimi!” Ibiere kígbe. “No do so. I beg you, no do so!”

Kò wo ibi tó wà. Ó fà kúrò lórí àga, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ sínú àpò. Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́. Inú sì ń bí mi sí i pọ̀, mo rò pé ó ti jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi rù ú lọ́fẹ̀ẹ́.

Clement fúnra rẹ̀ kò yọ̀. Ó jọ pé kò retí pé yóò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. “Sister Ṣọlá, ẹ jókòó,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lábẹ́ ọwọ́ mìíràn.” Ó tan kíbọ́ọ̀dù, ó sì tẹ bọ́tìnnì kí àtẹ̀kún lè ṣiṣẹ́.

Ṣọlá jókòó bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọwọ́ wúwo. Ó tẹ ohùn kan ṣoṣo, jẹ́ẹ́jẹ́. Ohùn náà wú, ó gbọ̀n, ó rọ̀, ó tún wú. Ó ṣí ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ó wá yí ọwọ́ sókè, ó ń wo orí ìka rẹ̀. Àwọn ìka náà ń dán.

Ṣọlá wo Rótìmí, Rótìmí ń wo ilẹ̀.

Bàbá Ilésanmí dìde. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra àárín eyín méjì, ó fi ra ìka kejì, ó gbé e sí imú. Kò sí lọ́fíńdà ẹlòmíràn tó ń rùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Rumuokwuta. Alàgbà kan fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá fi ojú dá a dúró.

“Òróró mi ni,” ó ní.

“Bàbá mi, kì í ṣe...” Rótìmí bẹ̀rẹ̀.

“Mo ní òróró mi ni. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ, o sì purọ́ fún mi níwájú pẹpẹ.” Ohùn rẹ̀ le, ẹ̀rù ba gbogbo wa. “Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ìgbà tí ẹ ti ń dà á, sà.”

Bàbá yí sí àwọn alàgbà. Ó ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ nípa òun kó sọ ọ́ nísinsìnyí, lójú òun, òun ni òun ṣe é, kì í ṣe Rótìmí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn tó ti ń wá ọ̀nà ń wo ara wọn. Clement wá tú bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a sókè.

“Wọn ò tilẹ̀ ní gbà á mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bó ṣe wà yìí,” ó ní. “Ta ló ní sukurudíráfà?”

Ó wà nínú mọ́tò Clement fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ wáyà iná, òun àti Rótìmí dojú kíbọ́ọ̀dù náà délẹ̀ lórí aṣọ pẹpẹ àtijọ́, wọ́n sì ń tú u, Clement ń tú, Rótìmí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba àwọn ìdè rẹ̀ kéékèèké sínú ìdérí agolo. Awẹ́ pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ àwọn eyín náà láti òpin dé òpin, òun ló ń gbọ́ ìka. Ó ti mu òróró yó. Ṣọlá lọ mú spírítì àti òwú nínú àpótí oògùn ìjọ. Wọ́n nù ún, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n tún nù ún. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá yóò tún gbọ́ mọ́. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń na òwú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n dì í padà. Clement fúnra rẹ̀ ló tan iná. Kò pe Ṣọlá. Ó fa àga sẹ́yìn, ó wo Rótìmí.

Rótìmí jókòó. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí i, kò sí ohun tó yí padà, àtẹ̀kún ìlàjì ìsàlẹ̀ ti kú, kò sì jí títí di òní. Mo gbọ́ tí Ibiere ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wá gbé ìka ọ̀tún lé eyín kan lókè. Ohùn jáde, ó dúró gbọnrangandan, kò wú, kò gbọ̀n. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i.

Ohùn náà dìde lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, bó ti ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wú, bó ti ń dẹ ìka ló ń rọ̀. Mo ti mọ Rótìmí fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kódà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé.

Bàbá Ilésanmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé orí sókè.

“Kí nìyẹn?”

“Àtẹ̀kún nìyẹn, sà.”

Bàbá kò tíì gbọ́ ọ rí. Ojú Rótìmí ló wò ní ṣọ́ọ̀bù tó fi bá gbogbo ìjọ jà. Ó tẹ́tí sí i títí ohùn náà fi kú, òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èyí lo fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn,” ó ní, “kí ojú má bàa tì mí?”

Rótìmí tún tẹ̀ ẹ́. Bàbá fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Clement ló kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ tì í.